Ọdún Tí Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ Sọnù Nínú Orin Bàbá Mi

Ariwo la fi ń mọ aago ní àgbàlá wa ní Ṣàngó. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, Bàbá Wásíù tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa á ti máa da omi àlùwàlá láti inú kẹ́tùlù, á máa ha ọ̀fun. Tí ìyẹn bá parí, ìyá mi á gbé sítóòfù rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, á máa kọ orin ìyìn láàárín èéfín kẹrosíìnì, á sì máa ro ògì. Lẹ́yìn náà ni àwọn tírélà á bẹ̀rẹ̀ sí í kérora lójú ọ̀nà márosẹ̀, ìgbálẹ̀ á máa dún lójú àgbàlá, àwa ọmọdé á gbé korobá, a ó sì tò sídìí kànga. Ní ìkẹyìn ni ilé iṣẹ́ irin tó wà lẹ́yìn ògiri wa á ké, tí àwọn tó ṣiṣẹ́ òru á fa iṣẹ́ lé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán lọ́wọ́. Ilẹ̀ á mì díẹ̀, àwọn abọ́ orí pákó á máa kan ara wọn, ẹnikẹ́ni nínú wa kò ní gbé orí sókè. Ọmọ tí wọ́n bí sínú ariwo kì í mọ̀ pé ariwo ni.

Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀, ó máa ń pariwo ni. Bí ó bá ní kí n bu omi wá, ará ilé kẹta á gbọ́. Bí ó bá ń kí ìyá mi kú iṣẹ́, ẹni tí kò mọ̀ wá á rò pé ìjà ti dé. Gbogbo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ irin ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà kò sí ẹni tó kà á sí nǹkan kan. Ìyá Onílé, arúgbó ọmọ Ọ̀tà tó ni àgbàlá náà, máa ń jókòó sórí àpótí lábẹ́ igi àgbálùmọ̀. Bí àwọn ayálégbé bá ń jà lórí ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, á mi orí, á ní, “Bí etí ò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bàjẹ́.” Èmi náà ti dàgbà báyìí, mo sì ti bá òwe yẹn jà títí. Mo mọ ọkùnrin kan tí etí rẹ̀ kò gbọ́, tí inú rẹ̀ sì bàjẹ́ títí ó fi wọ ilẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ tèmi ni láti fọ aṣọ iṣẹ́ bàbá mi ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Omi àkọ́kọ́ á pọ́n bí irin tó ti dógùn-ún, omi kejì á ṣì ṣú, inú omi kẹta ni mo ti máa ń tó rí ìka ara mi. Kirénì ni ó ń wà. Ó máa ń gun òkè lọ jókòó sínú yàrá kékeré onígíláàsì, á máa fi ẹ̀wọ̀n gbé irin láti ibì kan sí ibòmíràn. Bàbá Wásíù ló máa ń dúró nísàlẹ̀ pẹ̀lú fèrè kékeré lẹ́nu, tí ó ń fi ọwọ́ darí ẹ̀wọ̀n náà. Fèrè ẹ̀ẹ̀kan, gbé e. Fèrè ẹ̀ẹ̀mejì, dúró. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí àwọn méjèèjì ti jọ ń ṣe é. Lọ́jọ́ Ìléyá, bàbá mi á lọ jẹun ní yàrá Bàbá Wásíù. Lọ́jọ́ Kérésì, Bàbá Wásíù á wá jẹun ní tiwa, nínú abọ́ kan náà, tí àwọn méjèèjì á máa pariwo mọ́ ara wọn bí ẹni tí odò wà láàárín wọn.

Ohun méjì ni bàbá mi fẹ́ràn yàtọ̀ sí àwa: orin, àti ẹ̀rọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó máa ń tú rédíò palẹ̀ sórí ìwé ìròyìn, kì í ṣe pé ó bàjẹ́, ó kàn fẹ́ mọ ibi tí ohùn ń gbà ni. Kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kún páálí mẹ́rin lábẹ́ ibùsùn, síbẹ̀ kò tó bí ó ṣe fẹ́. Kásẹ́ẹ̀tì tuntun wọ́n, orin inú rẹ̀ ò sì pọ̀. Bí olórin kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, bàbá mi á dúró níwájú ìsọ̀ ẹni tó ń ta á, á gbọ́ orin náà lọ́fẹ̀ẹ́ títí dé òpin, á wá rọra máa lọ. Mo ti bá a dúró bẹ́ẹ̀ rí lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni tó ń tajà á máa wò wá, bàbá mi kò ní wo ojú rẹ̀.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, ìlú ń yí padà lójú wa. Ìjọ ńlá kan ti dé sí ìhà ibi tó jẹ́ igbó nígbà tí Ìyá Onílé wà ní ọmọge, yunifásítì sì ti tẹ̀ lé e. Ibi tí wọ́n ti ń ṣa ìgbín di ibi tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń wọ táì. Ìyá mi rí iṣẹ́ sí ilé ìdáná wọn. Ó máa ń gbé ìrẹsì ìdí ìkòkò tó jóná wálé nínú ọ̀rá, a ó sì máa jẹ ẹ́ bí ẹni ń jẹ ìpékeré. Àwọn àlejò ń dé lójoojúmọ́, tàwọn ti Bíbélì, tàwọn ti ìwé ẹ̀rí, wọ́n ń bèèrè yàrá. Ọ̀kan nínú wọn ni Àǹtí Fọlákẹ́, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá kọ̀ǹpútà yunifásítì náà. Ó gba yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Lọ́jọ́ tó kó dé, kò sí ẹni tó wo bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, kò sí ẹni tó wo ìkòkò rẹ̀. Páálí ńlá kan ni gbogbo wa ń wò. Kọ̀ǹpútà ló wà nínú rẹ̀. Bàbá mi ti ibi iṣẹ́ dé, kò tíì wẹ̀, ó bá a gbé e wọlé, kò sì lè jáde mọ́.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó,” Àǹtí Fọlákẹ́ wí nígbà tó so gbogbo wáyà rẹ̀ tán. “Irú orin wo lẹ fẹ́ràn?”

“Gbogbo ẹ̀!” bàbá mi pariwo.

Ó fi síídì kan bọ inú kọ̀ǹpútà. Orúkọ orin bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú rẹ̀, wọ́n ń gòkè, wọ́n ń gòkè, wọn ò tán. Bàbá mi bèèrè iye tó wà níbẹ̀. Àǹtí Fọlákẹ́ ní wọ́n lé ní àádọ́jọ.

“Nínú síídì mélòó?”

“Síídì kan yìí náà ni. MP3 ni wọ́n ń pè é. Wọ́n máa ń fún orin mọ́ra bí ẹni ń fún aṣọ tí a fọ̀, ohun tí etí ò bá nílò nínú ẹ̀, wọ́n á fún un dànù, kó má baà gba àyè.”

“Èló ni wọ́n ń tà á?”

“Kò tó owó kásẹ́ẹ̀tì kan. Wọ́n ti ń tà á ní Toll Gate.”

Bàbá mi fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, eruku irin sì fa ìlà dúdú sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Mo rò nígbà náà pé òógùn ló ń nù.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó mú mi dání lọ sí Ṣàngó Toll Gate. Owó tó ti ń tọ́jú fún fáànù ló fi ra ẹ̀rọ tó lè ka MP3, ìyá mi sì fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko dá a lóhùn ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń ta síídì tẹ́ ẹ sórí ọ̀rá lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ọgọ́rùn-ún orin níbí, igba orin lọ́hùn-ún, àwòrán olórin mẹ́wàá lórí páálí kan ṣoṣo. A ò mọ̀, a ò sì bèèrè, bóyá àwọn tó kọ orin náà rí nǹkankan níbẹ̀. Ohun tí bàbá mi mọ̀ ni pé òun náà lè na ọwọ́ kí òun sì mú. Ó ra mẹ́ta. Kò dúró níwájú ìsọ̀ ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà.

Nọ́ńbà nìkan ló ń yọ lójú ẹ̀rọ náà, kì í kọ orúkọ orin. Nítorí náà bàbá mi ní kí n mú ìwé kíkọ kan tí mi ò tíì lò wá. Nírọ̀lẹ́, tí a bá ti jẹ ẹ̀bà tán, tí mo sì ti fọ abọ́, òun á máa gbọ́, á máa sọ, èmi á máa kọ. Mọ́kàndínlógún: ọkùnrin, jùjú, ó ń bẹ ìyàwó rẹ̀. Ogún: obìnrin, orin ìjọ, gìtá rẹ̀ dùn. Ọ̀kànlélógún: ará Kóńgò, má fò ó. Ibẹ̀ la ti pàdé àwọn tí a kò gbọ́ orúkọ wọn rí: ọkùnrin kan tó ń kọrin Haúsá bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún, ọmọbìnrin kan tí kò ju ọmọ ogún ọdún lọ tó ń fi ẹnu Ẹ̀gbá kọ orin òyìnbó. Bàbá Wásíù máa ń gbé àpótí rẹ̀ wá, Àǹtí Fọlákẹ́ á dúró lẹ́nu ọ̀nà, kódà ìyá mi tó ń bínú fáànù á máa mi orí nídìí sítóòfù. Tí wọ́n bá bi mí léèrè ìgbà tí bàbá mi láyọ̀ jù, mo mọ ibi tí mo máa tọ́ka sí. Oṣù mẹ́ta péré ni.

Nígbà tó yá, ó bá orin kan pàdé nínú síídì kejì, orin ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pẹ̀lú. Ó tẹ́tí, ó wá fajú ro.

“Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ dà?” ó pariwo. “Orin yìí ní ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n ti fún un dànù!”

Mo wò ó. Mò ń gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ náà kedere lẹ́yìn gìtá, bí òjò wínníwínní tó ń rọ̀ sórí páànù. Mo rò pé bóyá ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ mìíràn ló ń wí, tí ọmọdé kò mọ̀. Nígbà tó fẹjọ́ sùn Àǹtí Fọlákẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyẹn ń kánjú lọ síbi iṣẹ́. Ó ní, “Ó lè rí bẹ́ẹ̀ o, Ẹ̀gbọ́n, síídì olówó pọ́ọ́kú ni. Ẹ fi wé ti kásẹ́ẹ̀tì yín.” Ó sì bá tirẹ̀ lọ. Bàbá mi kò fi wé e. Ó kàn ń yí ohùn ẹ̀rọ náà sókè ni, lójoojúmọ́, títí Ìyá Onílé fi ránṣẹ́ pé òrùlé òun ń mì. Nígbà tí a bá ń kọ ìwé wa, àwọn obìnrin inú orin bẹ̀rẹ̀ sí í di ọkùnrin lẹ́nu rẹ̀. Bàbá mi á ní ọkùnrin ló ń kọ ọ́, èmi á sì kọ obìnrin, nítorí obìnrin ni. Ìyá mi á pè é láti ẹ̀yìn, kò ní dáhùn, ìyá mi á ní, “Ó dáa. Èmi náà á máa dákẹ́ fún un.” Gbogbo nǹkan yẹn ni mo rí. Ọmọdé máa ń rí nǹkan ṣáájú kí ó tó mọ orúkọ rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, ìyá mi kò tíì dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá mi wá fa páálí kásẹ́ẹ̀tì jáde lábẹ́ ibùsùn. Ó wá orin náà, ó fẹ́ eruku rẹ̀, ó fi òwú tó ti rẹ sínú sípíríìtì nu orí rédíò àtijọ́ rẹ̀. Nínú kásẹ́ẹ̀tì náà, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nìkan ló kọ́kọ́ ń dún kí gìtá tó dé. Ti síídì, wọ́n ti gé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bàbá mi tẹ̀ ẹ́. Kásẹ́ẹ̀tì ń yí. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó kún yàrá. Bàbá mi ń wo kásẹ́ẹ̀tì tó ń yí, ó ń dúró.

“Ó ti pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀,” ó wí.

Gìtá wọlé. Ó gbọ́ gìtá, mo rí i lójú rẹ̀ pé ó gbọ́ ọ, mo sì rí i pé ó ń ka ohun tó yẹ kó ti ṣáájú gìtá. Ó dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ó gbé etí lé rédíò. Nígbà tó gbé ojú sókè, ó ń wò mí bí èmi ṣe máa ń wo ìyá mi tí abọ́ bá fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

“Mojí, ṣé o gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kankan?”

Ọkùnrin kan wà ní àgbàlá wa tẹ́lẹ̀ tí ojú ń dùn ún. Ilé iṣẹ́ tirẹ̀ lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ojú náà, kò sì pẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ fi ń to ẹrù sórí ọkọ̀ akẹ́rù, tí ọmọ rẹ̀ obìnrin tí a jọ ń fo okùn jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n tú, tí kò juwọ́ sí mi. Ọmọ yẹn ni mo rántí. Mo tún rántí ìwé kíkọ wa, tí ó ku ojú ewé púpọ̀.

“Rárá, Bàbá,” mo wí. “Èmi náà ò gbọ́ ọ.”

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, “Kásẹ́ẹ̀tì náà ti gbó nìyẹn.” Ó rẹ́rìn-ín, ó ti páálí náà padà sábẹ́ ibùsùn, ó ní kí n lọ ra ẹ̀pà wá.

Ìgbà òjò dé. Ọ̀sán ọjọ́ kan, èmi àti ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà lójú àgbàlá nígbà tí obìnrin kan sáré wọlé láti ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́, tí ó ń ké orúkọ Ìyá Wásíù. Lẹ́yìn náà ni a tó mọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Bàbá mi ti pẹ́ tí kì í gbọ́ fèrè mọ́. Ọwọ́ Bàbá Wásíù ló ń wò láti òkè, tí ó fi ń mọ ìgbà tó yẹ kó dúró. Lọ́jọ́ yẹn, ooru àti òjò ti bo gíláàsì rẹ̀. Bàbá Wásíù fọn fèrè ẹ̀ẹ̀mejì. Ó tún fọn ọ́n. Àwọn tó wà ní ẹnu géètì gbọ́ ọ. Irin náà ń sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀ sórí ọwọ́ Bàbá Wásíù.

Ìka mẹ́rin ló lọ. Ilé iṣẹ́ ní kí àwọn méjèèjì máa lọ sílé. Nígbà tí a mú bàbá mi lọ sí ọsibítù, èmi ni mo bá a wọlé sọ́dọ̀ dókítà, nítorí ìyá mi ń sunkún. Dókítà ní ariwo ló jẹ etí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ọdún wọ̀nyí, pé ohùn tín-ín-rín ló máa ń kọ́kọ́ lọ: fèrè, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ohùn obìnrin, ohùn ọmọdé. “Ó ti pẹ́ gan-an,” ó wí. “Ṣé kò sí ẹni tó fura nínú ilé ni?” Bàbá mi wo ẹnu rẹ̀, ó ní, “Kò sí.” Mo tẹjú mọ́ ilẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni bàbá mi ti ń tún rédíò ṣe níwájú ilé wa, tí èmi tàbí ìyá mi á sì máa bá a gbọ́ bóyá ó ti ń dún. Ó ṣe iṣẹ́ náà títí ó fi darúgbó. Ẹ̀rọ MP3 náà, ó tà á, kò sì sọ ẹni tó tà á fún.

Bàbá Wásíù padà dé láti ọsibítù. Ó ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lójoojúmọ́, ó fi ọwọ́ tí wọ́n wé sórí itan bí ẹni gbé ọmọ tuntun, ìyàwó rẹ̀ á sì máa fi ṣíbí bọ́ ọ. Ìyá Wásíù kì í kí ìyá mi mọ́. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n kó lọ sí Adó-Odò, ìlú baba rẹ̀, wọ́n lọ dá oko tí kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ro. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó kó, ọjọ́ kan wà tí mi ò lè gbé irọ́ mi mọ́ra mọ́. Mo ti ilé ìwé dé, mo bá bàbá mi lórí àtẹ̀gùn níwájú yàrá wa. Mo jókòó tì í, mo rọra sọ ọ́, bí ọmọ ṣe ń jẹ́wọ́.

“Kí lo wí?”

Mo tún un sọ. Ó fi ọwọ́ sí ẹ̀yìn etí, ó ní òun ò gbọ́. Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀kẹta, ó tún mi orí. Bàbá Wásíù wà lódìkejì, Ìyá Onílé wà lábẹ́ igi, Àǹtí Fọlákẹ́ ń sá aṣọ. Kò sí bí mo ṣe lè sọ ọ́ fún bàbá mi tí n kò ní sọ ọ́ fún gbogbo àgbàlá.

“Mo gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ náà!” mo kígbe. “Lọ́jọ́ kásẹ́ẹ̀tì! Mo gbọ́ ọ, mo purọ́ fún yín! Ká ní mi ò purọ́ ni, ẹ̀ bá ti mọ̀!”

Bàbá mi wò mí. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí etí rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan rí.

“Mo mọ̀, Mojí. Ẹsẹ̀ rẹ ń jó sí i kí gìtá tó dé. Mo rí i. Torí mo fẹ́ kí o purọ́ fún mi ni mo ṣe bi ọ́.”

Ó dìde. Ó sọdá àgbàlá lọ bá Bàbá Wásíù, mo sì tẹ̀ lé e, nítorí láti ọjọ́ tí a ti lọ rí dókítà, mi ò jẹ́ kó dá lọ bá ẹnikẹ́ni. Ó dọ̀bálẹ̀ sójú ẹrẹ̀, òun tó jẹ́ àgbà fún un. Ohùn rẹ̀ ti padà di ariwo.

“Mo ti mọ̀ pé mi ò gbọ́ fèrè rẹ mọ́! Ọwọ́ rẹ ni mò ń wò! Nítorí oúnjẹ ni mi ò fi sọ!”

Bàbá Wásíù ò ní kó dìde. Ó wo ọwọ́ tí wọ́n wé, ó sọ gbólóhùn kan, jẹ́jẹ́ gan-an, ó sì yí ojú sí ara ògiri. Bàbá mi wo ẹnu rẹ̀, kò rí nǹkankan mú níbẹ̀. Ó yí ojú sí mi láti ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

“Mojí, kí ló wí?”

Mo lè sọ pé ó ní òun ti dárí jì í. Kò sí ẹni tó máa já mi nírọ́, bàbá mi ì bá sì gbà á gbọ́, bóyá ì bá fi sùn dáadáa ní àwọn ọdún tó kù fún un. Gbogbo wọn ń wò mí. Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ náà, mo gbé ẹnu sí etí rẹ̀.

“Bàbá, ó ní ọwọ́ ọ̀tún òun ni.”